Ìwàásù tí À Ń Fò Kọjá Nínú Ìwé Fágúnwà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí mo ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, JSS2 ni mo wà, mi ò sì ka ìwàásù kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tán. Bí mo bá ti rí i pé ẹnì kan ti jókòó, tó fẹ́ máa gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn, màá máa ṣí ewé lọ títí màá fi dé ibi tí iwin mìíràn ti yọjú. Ti Ìràgbèjè ló burú jù. Ọjọ́ méje gbáko ni baba yẹn fi bá àwọn ọdẹ sọ̀rọ̀ nílé rẹ̀, èmi sì fò ó láàárín ìṣẹ́jú méje. Mo rò pé èmi nìkan ni mo hu irú ìwà yìí, àfi ìgbà tí mo dàgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀ lórí Twitter. Gbogbo wa la fò ó.

Àwọn tó ń fò ó pín sí méjì. Àwọn kan ń fò ó nítorí pé ó ń sú wọn. Àwọn kejì ń fò ó nítorí pé inú ń bí wọn: wọ́n ní Fágúnwà ta àṣà fún òyìnbó, pé ńṣe ló kó irúnmalẹ̀ jọ sínú ìwé kó lè rí ohun tí yóò máa fi Bíbélì lù. Mo ti ka ọ̀rọ̀ báyìí débi pé mo máa ń mọ bó ṣe máa parí kí n tó dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn méjèèjì jọ gbà: pé ìgbàgbọ́ Fágúnwà wà lọ́tọ̀, ìtàn rẹ̀ wà lọ́tọ̀, bí ìgbà tí wọ́n da epo sórí omi. Kéèyàn ṣáà rọra yọ epo kúrò, kó mu omi rẹ̀. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí di ọdún yìí.

Ohun tó dá mi padà sídìí ìwé náà kì í ṣe lítíréṣọ̀. Orúkọ ni.

Orúkọ ìdílé tí bàbá mi gbé lọ sí iléèwé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Fá. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, lẹ́yìn ìsọjí ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan, bàbá mi lọ búra ní kóòtù, ó gbé e sínú ìwé ìròyìn, Fá bá di Olú. Ìyókù orúkọ náà wà bó ṣe wà. Títí dòní, Fá ló wà lára sàréè bàbá bàbá mi, Olú ló wà nínú ìwé ìrìnnà mi. Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bú bàbá mi o. Kì í ṣe ẹni tó ń fi ẹ̀sìn ṣe fújà. Iṣẹ́ ìjọba ló ṣe fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò gba rìbá rí, gbogbo ọ́fíìsì ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní “Jésù” lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó kọ́ níṣẹ́ di ọ̀gá rẹ̀. Ó máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ìyá mi kì í rẹ́rìn-ín tó bá ti dé ibẹ̀.

Ní báyìí, ìyàwó mi lóyún. Bàbá mi ti pè mí lórí fóònù pé òun ti rí orúkọ fún ọmọ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Jésù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní London ní irọ́ ni, àkókò ti tó láti dá Fá padà, pé ọmọ kì í tijú ilé bàbá rẹ̀. Èmi wá wà láàárín. Onígbàgbọ́ ni mí, mi ò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n gbé iṣẹ́ ápù tẹ́tẹ́ wá fún mi, owó rẹ̀ tó san rẹ́ǹtì ọdún kan, mo sọ fún wọn pé ìgbàgbọ́ mi kò gbà mí láyè. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, tààrà, lórí Zoom, ojú èèyàn mẹ́fà. Ẹnì kan pa káńmérà rẹ̀ kó lè rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ kò sí Jésù kankan nínú bio mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò sì lẹ nǹkan kan mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò. Ìbéèrè tí mo gbé lọ sọ́dọ̀ Fágúnwà ni pé: tí èèyàn bá fẹ́ kí ìgbàgbọ́ òun hàn sí gbogbo ayé, níbo gan-an ló yẹ kó ti hàn?

Ẹ wo orúkọ ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Ọdún 1903 ni wọ́n bí i, ní Òkè-Igbó. Joshua Akíntúndé ni bàbá rẹ̀, Rachel Ọ̀ṣunyọmí ni ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì sì di Krìstẹ́nì. Ọmọ wọn ń jẹ́ Daniel, ó ń jẹ́ Oròwọlé, ó sì tún ń jẹ́ Ọlọ́runfẹ́mi. Ẹ kà á pọ̀: Daniel tó ti inú Bíbélì wá, Orò tó wọlé, Ọlọ́run tó fẹ́ràn ọmọ, Ifá tó jókòó sórí Fágúnwà, ìyá tó jẹ́ Rachel tó sì jẹ́ Ọ̀ṣunyọmí. Lára èèpo ìwé, D. O. Fágúnwà ló wà níbẹ̀. O yẹn, tí wọn kì í fi àmì sí lábẹ́, Oròwọlé lè jókòó sínú ẹ̀, Ọlọ́runfẹ́mi náà lè jókòó sínú ẹ̀. Mi ò sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọkùnrin tí à ń pè ní oníwàásù yìí, tó lè yí Fá padà sí Olú gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ti ṣe, fi Ifá sílẹ̀ síbẹ̀ lára ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ márààrún, láti 1938 títí dé 1961.

Nínú iṣẹ́ tiwa, yíyí orúkọ padà kì í ṣe ohun bàbàrà. A máa sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó wá gbogbo ibi tí orúkọ kan wà, kó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ó parí. Kóòdù náà ṣì ń ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ohun tí àwọn bàbá wa ṣe sí orúkọ ìdílé gan-an nìyẹn. Fábùnmi di Olúbùnmi. Ọ̀ṣunyọmí di Olúyọmí. Ẹnì kan ṣì ń bùn èèyàn ní nǹkan níbẹ̀, ẹnì kan ṣì ń yọ èèyàn nínú ewu. Gírámà ìmoore kan náà ni. Ìgbà tí mo rí èyí ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ìwàásù tí mo ń fò.

Ẹ mú Igbó Olódùmarè, èyí tó jáde ní 1949, kẹ́ ẹ ṣí ibi tí Olówó-ayé ti pàdé Èṣù-kékeré-òde. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn ibẹ̀. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń fọ́nnu síra wọn, gbólóhùn ń gun gbólóhùn lórí, bí ọ̀kan bá ti sọ tirẹ̀ tán, èkejì á gbé èyí tó wúwo jù ú lọ wá. Ó yá, ẹ wá lọ síbi tí Baba-onírùngbọ̀n-yẹ́úkẹ́ ti ń kọ́ àwọn èèyàn lọ́gbọ́n nínú ìwé kan náà. Ẹ má fojú kà á o. Ẹ kà á sókè, bí ẹni tó dúró níwájú èrò. Ohùn kan náà ni! Gbólóhùn tó jọra tó ń tẹ̀ lé ara wọn, ọ̀rọ̀ kan tó ń padà wá lórí àwọ̀ mìíràn, ìdúró díẹ̀, kí ìpè náà tó tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tó gbé ọfọ̀ dúró ló gbé ìwàásù dúró. Bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé òun fẹ́ràn ìfọ́nnu ọdẹ ṣùgbọ́n òun kò lè fara da ìyànjú Baba-onírùngbọ̀n-yẹ́úkẹ́, mo máa ń rò ó pé ojú ló fi kà á, kò fi etí kà á. Mo lè ṣe àṣìṣe. Ẹ dán an wò ná.

Ayọ̀ Bámgbóṣé, nínú ìwé tó kọ ní 1974 lórí àwọn ìtàn àròsọ wọ̀nyí, ti tọ́ka sí bí Fágúnwà ṣe fẹ́ràn láti máa kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìwà. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti rántí John Bunyan àti èrò mímọ́ rẹ̀, ìwé tí àwọn míṣọ́nnárì gbé wọ inú èdè Yorùbá. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sọ pé “ó gbà á lọ́wọ́ Bunyan” tán, ó dà bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ló yẹ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọdẹ kò sí níbẹ̀ lọ́dọ̀ Bunyan. Oògùn kò sí níbẹ̀.

Oògùn yẹn ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Nínú ìrìn-àjò Àkàrà-oògùn, ẹ̀dá kan nínú igbó mú un, ó sọ ọ́ di ẹṣin, ó ń gùn ún kiri. Ọkùnrin tó jẹ́ pé oògùn ló kún ara rẹ̀ bámúbámú bí orúkọ rẹ̀! Ó pe ọfọ̀, ọfọ̀ kò jẹ́. Ó wá rántí Ọlọ́run, ó gbàdúrà, ọ̀nà sì là fún un. Ní kékeré, mo ka ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n: Jésù kan, oògùn òdo. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti máa ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Àwa tí a jẹ́ ọmọ ọdún 1990 sókè, Agbára Ńlá ló tọ́ wa dàgbà. Àwọn Mount Zion, tí Mike Bamiloye dá sílẹ̀ ní 1985, ṣe fíìmù náà lọ́nà tí ẹnikẹ́ni tó wò ó kò fi lè gbàgbé Ìṣáwurú. Mo ṣì ń bẹ̀rù láti lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ lóru lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ bi ìyá mi. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, nítorí kò sí ẹni tó lè sọ pé wọ́n fi ìgbàgbọ́ wọn pamọ́. Ṣùgbọ́n nínú irú eré bẹ́ẹ̀, apá méjì ni ayé ní, ẹni tó ní agbára àti ẹni tó ní Agbára, ìgbà tí wọ́n bá pàdé ni a máa mọ tani. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá láti apá kan sí èkejì gbọ́dọ̀ jó ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ níná.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí Ọlọ́run gba Àkàrà-oògùn sílẹ̀? Ó ń jẹ́ Àkàrà-oògùn lọ. Orúkọ rẹ̀ kò yí títí ìwé fi parí. Ẹni tó gbàdúrà àti ẹni tó ní oògùn, ẹnì kan ṣoṣo ni, òun náà ló sì tún di arúgbó tó wá bá òǹkọ̀wé pé kó mú gègé àti ìwé, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ rí i bó ṣe le tó láti kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn kéèyàn kọ ọ̀tá tó pa run. Ó rọrùn kéèyàn kọ ẹni tó ronú pìwà dà tó wọ aṣọ funfun. Fágúnwà kọ ẹni tó gbàdúrà tó sì ṣì jẹ́ ara rẹ̀, ó wá fi ẹnu onítọ̀hún ṣe ìwàásù fún wa.

Ibí yìí ni àwọn tó ní ó ta àṣà ti máa dá mi dúró. Wọ́n á ní òyìnbó ló fẹ́ ìwàásù, òyìnbó ló sì rí i rà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ dáadáa. CMS Bookshop ní Èkó ló tẹ ìwé náà jáde ní 1938. Tíṣà ni òǹkọ̀wé náà nígbà yẹn, ní St. Andrew's, Ọ̀yọ́, ilé-ẹ̀kọ́ tí CMS dá sílẹ̀, níbi tí òun náà ti kẹ́kọ̀ọ́. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, èló ni ìwàásù máa ná an? Kọ́bọ̀ kò ní í ná an. Gbogbo èèyàn tó yí i ká ló ń wàásù. Ohun tó lè ná an ni ìyá akọni rẹ̀ tó jẹ́ àjẹ́, Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún, ọfọ̀, egbé, àti adùn tó fi kọ gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò gbádùn nǹkan kò lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ìgboyà là ń wá, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi ka èyí kó máa pàtẹ́wọ́. Nítorí àwọn kan ti gba ibẹ̀ lọ sí ọ̀nà mìíràn, pé ìwàásù wulẹ̀ jẹ́ aṣọ tí Fágúnwà wọ̀ kó lè kọjá níwájú àwọn míṣọ́nnárì, pé irúnmalẹ̀ nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ìyẹn náà kò bọ́ sí i. Àwọn míṣọ́nnárì ti kúrò níbẹ̀ báyìí, aṣọ náà ṣì wà lára rẹ̀. Ọlọ́run, Olódùmarè, Ẹlẹ́dàá: kò sí ìwé rẹ̀ kan tí o lè fà wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀ kí ìtàn má tú. Ó gbà á gbọ́. Àwa la rò pé ẹni tó bá gba Ọlọ́run gbọ́ kò gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ewé.

Ó wá ku ibì kan tí mi ò lè gbèjà rẹ̀, mo sì ti gbìyànjú. Kàkó. Nígbà tí àwọn ọdẹ fẹ́ lọ sí Òkè Láńgbòdó, Kàkó ń ṣe ìyàwó lọ́wọ́. Ìyàwó náà dì mọ́ ọn, kò fẹ́ kó lọ. Kàkó fa àdá yọ, ó ṣá a pa. Obìnrin náà ń kú lọ, ó ń pe orúkọ Kàkó. Ìrìn-àjò sì ń bá a lọ, Kàkó sì wà nínú rẹ̀, akọni láàárín àwọn akọni. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí mo rò pé mo ti tún fo ìwàásù kan, bí mo ṣe máa ń ṣe. Rárá. Òǹkọ̀wé tó máa dá ìtàn dúró nítorí ọmọ tí kò gbọ́ràn, tó lè fi odindi ojú ewé bá ọ̀mùtí wí, ibi tí mo ti ń wá ohùn rẹ̀ gan-an, kò dúró pẹ́. Mo lè fi ọjọ́ mẹ́ta nínú ọjọ́ méje Ìràgbèjè pààrọ̀ ìwàásù kan ṣoṣo lórí òkú obìnrin yẹn. Ìyàwó mi ní ọkùnrin ni gbogbo wọn, tí wọ́n bá ti rí ọ̀nà Láńgbòdó, wọn kì í wo ẹ̀yìn. Mi ò ní èsì fún un. Ibi tí ìgbàgbọ́ ti ń pariwo jù kọ́ ni mo ti máa ń wò ó mọ́ báyìí, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti bi í ní ìbéèrè ni mò ń wò, tèmi náà ńkọ́.

Mo gbé ìwé náà lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ojú bàbá mi kò ríran dáadáa mọ́, ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ kéré kò ṣeé kà fún un. Mo ní kí n kà á fún un, sà. Ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni Fágúnwà? A kà á ní mọ́dà. Tíṣà wa máa ń nà wá tá ò bá lè há a sórí.” Nígbà tí mo ka ibi tí wọ́n ti sọ Àkàrà-oògùn di ẹṣin, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ó béèrè ohun tí D àti O dúró fún. Mo sọ fún un. Ó tún Oròwọlé pè lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń dán wò bóyá ilẹ̀ máa gbà á. Ó ní òun mọ ẹnì kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wọn nígbà tí òun wà ní kékeré, kò sì sọ ju ìyẹn lọ. A kò sọ̀rọ̀ orúkọ ọmọ. Ó ku oṣù méjì.

A dé ọ̀dọ̀ Ìràgbèjè ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti rẹ̀ mí, mo rò pé ó ti sùn lórí àga. Mo ṣí ewé mẹ́rin papọ̀, mo sì ń kà lọ.

“O fo nǹkan,” bàbá mi wí. Kò la ojú. “Padà síbẹ̀.”